Mímòòkùn Nínú Òkun Láìforí Kó Èrò Dìsẹ́ńbà: Ìtọ́nà fún Ará Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Èmùré àti Agbègbè Wọn

Orí ọjọ́ ni ká ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ọjọ́ tí kò dáa ń ba irú ìrìn-àjò yìí jẹ́ ju àìlówó lọ. Ẹni tó bá ń gbé gúúsù Èkìtì, tó fẹ́ lọ mòòkùn sínú òkun pẹ̀lú àgbá afẹ́fẹ́ lẹ́yìn, kó má dá ìrìn-àjò náà sí àárín ọjọ́ 15 oṣù Dìsẹ́ńbà sí ọjọ́ 10 oṣù Jánúárì. Kó lọ ní Nòfẹ́ńbà. Bí Nòfẹ́ńbà kò bá ṣeé ṣe, ẹ óò rí àwọn oṣù mìíràn níwájú, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dà bíi rẹ̀ nínú wọn.

Gbogbo wa la mọ bí ilé ṣe ń rí ní Dìsẹ́ńbà. Àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó, Àbújá, Lọ́ńdọ̀nù àti Houston á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Òkú tó ti wà ní mọ́ṣúárì láti Ògọ́sítì, ìgbà náà ni àwọn ọmọ á ráyè sin ín. Ìgbéyàwó ń bẹ, ìṣílé ń bẹ, ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún ń bẹ, ìdúpẹ́ ẹgbẹ́ ń bẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ óò fẹ́ jáde nílé, ẹ óò rí i pé wọ́n ti ta kánópì dí ẹnu ọ̀nà yín, ẹni tó ta á sì ti lọ wẹ̀. Ní gáréèjì, ẹsẹ̀ ò gbèrò, owó ọkọ̀ sì ti gbéra sọ. Títì Adó sí Àkúrẹ́ tó gba àárín Ìkẹ́rẹ́ kọjá kì í ṣe ọ̀nà tí èèyàn ń fi ọkàn balẹ̀ rìn nígbà tí ọ̀nà dá, ká má tiì wá sọ ti ọ̀sẹ̀ Kérésì.

Ọyẹ́ tún wà níbẹ̀. Eruku ọyẹ́ lè bo ojú sánmà ní pápákọ̀ òfurufú Àkúrẹ́ débi pé bàálù kò ní lè balẹ̀, wọ́n á sì sún un síwájú tàbí kí wọ́n fagi lé e pátápátá. Ẹni tó yẹ kó wọ bàálù mìíràn ní Èkó lálẹ́ ọjọ́ náà ti há sí Àkúrẹ́ nìyẹn, owó tíkẹ́ẹ̀tì kejì sì lè má padà. Ọyẹ́ yìí kan náà ló ń kó ọ̀fìnkìn ran tọmọdé tàgbà, ẹni tí imú rẹ̀ bá sì dí kò gbọ́dọ̀ mòòkùn. Ẹ óò rí ìdí rẹ̀ tí a bá dé ọ̀rọ̀ etí.

Ibi tí à ń lọ pàápàá kò dákẹ́ lásìkò yẹn. Àwọn ará Yúróòpù tó ń sá fún òtútù ló ń kún ilé ìtura etíkun láti ọ̀sẹ̀ Kérésì títí ọdún tuntun á fi wọlé. Ìlànà àjọ PADI, tó ti ń kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ yìí láti 1966, gba olùkọ́ kan láyè láti mú akẹ́kọ̀ọ́ tó tó 8 wọnú òkun. Ní ọ̀sẹ̀ Kérésì, ẹ máa bá mẹ́jọ náà pé. Ní Nòfẹ́ńbà, ó lè jẹ́ ẹ̀yin àti ẹnì kan péré ni, ojú olùkọ́ kò sì ní kúrò lára yín. Ẹni tó kọ́kọ́ ń mí lábẹ́ omi nílò ojú yẹn ju ohunkóhun tó lè fowó rà lọ.

Ẹ má gbìyànjú rẹ̀ nínú odò wa

Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé, kí ló dé tí a ò kúkú lo omi ilé? Odò Ògbèsè ń ṣàn ní agbègbè Ìsẹ̀. Ìdídò Ẹ̀gbẹ̀ àti ti Èrò wà ní ìpínlẹ̀ yìí, ti Ùrèjé sì wà ní Adó. Omi ò wọ́n wa.

Omi tí a lè ríran nínú rẹ̀ ló wọ́n. Nígbà òjò, odò wa máa ń pọ́n bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí, ẹ ò ní rí àtẹ́lẹwọ́ ara yín lábẹ́ rẹ̀. Nígbà ẹ̀rùn, omi á mọ́ díẹ̀, àmọ́ kò ní jìn mọ́, igi tó ti wó sí ìsàlẹ̀ àti àwọ̀n tí apẹja ti pa tì wà níbẹ̀ tó lè há èèyàn lẹ́sẹ̀. Ti ìdídò tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: omi mímu ìlú ni, ojú ihò tí omi ń gbà wọnú páìpù sì ń fa nǹkan mọ́ra láìsí ariwo kankan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, omi mìíràn wà tó ní olóòtú, tó ní ọjọ́ ọdún àti èèwọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó bá gbé àgbá afẹ́fẹ́ wọ irú omi bẹ́ẹ̀ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà, òun àti ìlú ni wọ́n jọ máa yanjú rẹ̀.

Òkun tó sún mọ́ wa jù lọ ni ti Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹrẹ̀ ni etíkun náà láti Màhín lọ, kì í ṣe yanrìn, omi rẹ̀ dúdú fún ẹrẹ̀, òkun sì ti ń jẹ ilẹ̀ Ayétòrò lọ láti ọdún púpọ̀ wá. Kò sí ohun tí ẹ máa rí níbẹ̀. Ti Èkó ní yanrìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbì rẹ̀ le, omi ọ̀sà tó ń tú sínú rẹ̀ sì ń dà á rú. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń mòòkùn ní omi Nàìjíríà, iṣẹ́ epo rọ̀bì àti iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń ṣe, kì í ṣe ìgbafẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí àwọn tó máa ń sọ pé eré òyìnbó ni. Ní oṣù Méè 2013, ọkọ̀ Jascon-4 dojú dé ní etíkun wa ní agbègbè Escravos, ó sì rì lọ sí nǹkan bí 30 mítà. Harrison Okene, ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ kúùkù inú ọkọ̀ náà, wà nínú ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó kù sínú yàrá kan fún nǹkan bí 60 wákàtí kí àwọn òṣìṣẹ́ abẹ́ omi tó wá gbé òkú tó rí i láàyè. Wọn ò lè gbé e jáde síta lẹ́ẹ̀kan náà. Inú ìyẹ̀wù onírin kan ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí, kí afẹ́fẹ́ tó ti wọnú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa jáde díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ abẹ́ omi.

Dakar tàbí Sal

Ibi méjì ni mo máa dárúkọ, nítorí ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà láti wọ ibẹ̀ fún 90 ọjọ́. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 ló fún wa lẹ́tọ̀ọ́ náà. Ìwé ìrìnnà àti káàdì yẹ́lò tó fi hàn pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú lẹ ó mú dání. Abẹ́rẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ tó ọjọ́ 10 lára kí wọ́n tó kà á sí, nítorí náà kì í ṣe ohun tí à ń sáré gbà ní pápákọ̀ lọ́jọ́ tí à ń lọ.

Dakar ni mo fẹ́ràn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ìlú ńlá ni, bàálù máa ń lọ síbẹ̀ láti Èkó, yálà tààrà tàbí nípasẹ̀ Lomé, owó sẹ́fà tí wọ́n ń ná níbẹ̀ náà sì ni àwọn tó ń lọ ra ọjà ní Kútọnu mọ̀ dáadáa. Ilé ẹ̀kọ́ ìmòòkùn kan tó lórúkọ níbẹ̀ ni Océanium, tó wà létí òkun ní ìlà-oòrùn ìlú. Haïdar El Ali tó fi ọ̀pọ̀ ọdún darí rẹ̀ di mínísítà fún ọ̀rọ̀ àyíká ní Senegal ní 2012, lẹ́yìn tó ti ń fi kámẹ́rà ya ohun tí àwọ̀n àwọn apẹja ń bà jẹ́ lábẹ́ omi, tó sì ń gbé e lọ han àwọn ará abúlé. Lára ohun tí wọ́n ń lọ wò lábẹ́ omi Dakar ni Tacoma, ọkọ̀ akẹ́rù àwọn ará Denmark tó jóná tó sì rì nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá kọlu ìlú náà ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 1940. Ẹja ló ń gbé inú rẹ̀ báyìí.

Ohun tó le ní Dakar ni èdè. Faransé àti Wolof ni wọ́n ń sọ. Ẹ béèrè olùkọ́ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kí ẹ tó san kọ́bọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Lábẹ́ omi, ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn, ẹni tí kò bá sì gbọ́ ọ yé kò ní lè fi dáhùn.

Sal, erékùṣù kan ní Cape Verde, ni èkejì. Omi rẹ̀ mọ́ ju ti Dakar lọ, ìlú Santa Maria sì kún fún ilé ẹ̀kọ́ ìmòòkùn tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà rẹ̀ ló jìn: ẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ bàálù lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán, owó rẹ̀ sì ju ti Dakar lọ. Èèyàn ibẹ̀ tún ń pọ̀ jù lásìkò Kérésì, nítorí ìlú àwọn arìnrìn-àjò ni. Ẹ mú owó yúrò dání, owó wọn so mọ́ ọn.

Ní ti oṣù, báyìí ló rí. Ní Dakar, òjò ń rọ̀ láti Júláì dé ìbẹ̀rẹ̀ Ọ̀kìtóbà, omi òkun sì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ títí wọ inú Nòfẹ́ńbà. Láti Dìsẹ́ńbà lọ, atẹ́gùn máa ń ti omi òkè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi tútù láti ìsàlẹ̀ á wá gba ipò rẹ̀. Omi náà lè bọ́ sí nǹkan bí 18 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní Fẹ́búárì àti Máàṣì. Ọmọ Èkìtì tí oòrùn ti mọ́ lára á gbọ̀n jìgìjìgì nínú rẹ̀ bó bá tilẹ̀ wọ aṣọ rọ́bà tó nípọn. Ẹ rí i pé nínú Nòfẹ́ńbà, òjò ti lọ ní Dakar, omi ò tíì tutù, ọyẹ́ ò tíì gbilẹ̀ ní Àkúrẹ́, àwọn ará Èkó ò tíì wálé, àwọn ará Yúróòpù sì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìparí Jánúárì náà dákẹ́ fún èrò, àmọ́ ẹ óò jìyà òtútù. Júùnù dáa díẹ̀.

Ọdún Mùsùlùmí ló kù tí ẹ gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò fún Dakar. Ìtúnu Ààwẹ̀ àti Iléyá, tí wọ́n ń pè ní Korité àti Tabaski, máa ń ti ìlú náà pa. Ní ọjọ́ 18 oṣù Safar, ogunlọ́gọ̀ èèyàn ló ń kọjá lọ sí ìlú Touba fún ọdún Magal, ọkọ̀ kì í sì í ṣeé rí nígbà náà. Àwọn ọjọ́ yìí ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 sún wá sẹ́yìn lọ́dọọdún, nítorí náà, ẹ bi lèmọ́ọ̀mù àdúgbò yín kí ẹ tó mú ọjọ́.

Ohun tí a lè ṣe parí nílé

Ohun tó pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí kò nílò òkun. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ń pè ní Open Water ní apá ìwé kíkà àti apá omi. Ẹ lè ka apá ìwé lórí fóònù ní Ìkẹ́rẹ́ kí ẹ tó gbéra, yálà ti PADI tàbí ti àjọ SSI, kí ẹ sì ṣe ìdánwò rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òru ni kí ẹ kà á, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dúró. Ẹni tó bá ti ṣe èyí parí ti dín ọjọ́ kan tàbí méjì kù nínú owó ilé ìtura. Ẹ kọ́kọ́ wádìí irú káàdì tí ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ń lọ ń fúnni, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ Faransé ló ń lo ìlànà àjọ CMAS, ìwé tí ẹ kà fún òmíràn kò sì ní bá tiwọn mu.

Wíwẹ̀ náà wà. Kí wọ́n tó fún yín ní káàdì, ẹ gbọ́dọ̀ lúwẹ̀ẹ́ 200 mítà láìdúró, kí ẹ sì léfòó fún ìṣẹ́jú 10. Kò sẹ́ni tó máa bi yín léèrè bí ẹ ṣe yára tó. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì tó ní adágún ìwẹ̀ wà ní Adó àti Àkúrẹ́, Ìkẹ́rẹ́ sì wà láàárín méjèèjì, kò jìnnà sí èyíkéyìí. Ẹ lọ láàárọ̀ Túsìdeè tàbí Wẹ́sìdeè. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, Díjèè ti dé, àwọn ọmọ ti ń fò sómi látòkè, kò sì sí bí ẹ ṣe lè lúwẹ̀ẹ́ dé òdìkejì láìfi orí gbá ikùn ẹnì kan.

Ìkògòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, ní adágún ìwẹ̀ olómi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tó dára fún ẹni tí ẹ̀rù omi ń bà. Láti Ìkẹ́rẹ́, ọ̀nà Ìgbàrà-Odò ni kí ẹ gbà. Ẹ yẹra fún ọjọ́ 26 Dìsẹ́ńbà, ọjọ́ kìíní àti ìkejì ọdún, Mọ́ńdè Àjíǹde àti Iléyá. Láàárín ọ̀sẹ̀ tí ọmọ iléèwé wà ní kíláàsì, ó lè jẹ́ ẹ̀yin àti àwọn ẹyẹ nìkan lẹ máa wà níbẹ̀. Ìyẹn náà tó ìgbafẹ́ fún ẹni tí owó Dakar ò tíì pé sí lọ́wọ́.

Fún agbára èémí, òkè wà nílé. Ẹni tó bá ń rìn lọ sí ìdí Olósùnta láàárọ̀, tó sì ń gun ibi tí wọ́n bá yọ̀ǹda fún àlejò láti gùn, kò nílò jíìmù. Kó kàn béèrè kó tó gòkè, òkè yẹn kì í ṣe àpáta lásán lójú àwọn onílùú.

Ẹ wá lọ rí dókítà. Wọ́n máa fún yín ní fọ́ọ̀mù ìlera, ẹ má purọ́ sínú rẹ̀. Ẹni tí jínótáìpù rẹ̀ jẹ́ SS kò gbọ́dọ̀ mòòkùn. Ẹni tó jẹ́ AS, tí wọ́n pọ̀ nínú wa, kó sọ fún dókítà, kó sì jẹ́ kó yẹ òun wò dáadáa. Ẹni tó ní ásímà, wárápá tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò gbọ́ oògùn náà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kó tó gbéra. Aláboyún kì í mòòkùn. Ọmọdé tó bá ti pé ọdún 10 lè kọ́ ọ, tó bá wù ú fúnra rẹ̀. Kí bàbá rẹ̀ má fi tipátipá mú un.

Ọ̀rọ̀ irun ni ìwé àwọn òyìnbó kì í sọ. Gíláàsì ojú tí à ń lò ní etí rọ́bà rírọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ awọ ara yíká imú àti iwájú orí. Fọ́nrán irun kan ṣoṣo tó bá gba abẹ́ rọ́bà náà kọjá ti tó láti jẹ́ kí omi máa wọlé ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi wà lábẹ́ omi. Wíìgì, kó dúró sílé. Irun alátáṣìmẹ́ǹtì tí wọ́n dì látiwájú orí máa ń nípọn níbi tí rọ́bà ti fẹ́ lẹ̀, okùn gíláàsì náà á sì máa yọ̀ lórí rẹ̀. Kòlẹ́sẹ̀ wẹ́wẹ́ tó lẹ̀ mọ́ orí pẹ́kípẹ́kí, tó parí sí ìpàkọ́, ló dára jù. Ẹ̀yin ọkùnrin onírunmú, ẹ fá ibi tó wà lábẹ́ imú gan-an, díẹ̀ ló máa gbà.

Ẹbí

Èyí ló le jù nínú gbogbo rẹ̀, òtútù Dakar ò tó o. Kò sí oṣù tí wọn ò ní pè yín sí òde, Nòfẹ́ńbà náà kò yọ sílẹ̀. Ẹ tètè san owó aṣọ ẹbí, ẹ rán ẹni tó máa ṣojú yín, kí ẹ sì sọ pé ẹ ń rìnrìn-àjò lọ sí Senegal. Ẹ má sọ pé abẹ́ omi lẹ ń lọ títí ẹ óò fi padà dé. Ìyá àgbà kan ní Ìsẹ̀ gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ọmọ ọmọ rẹ̀, ó ní:

"Ta ló kú sínú òkun tí o fẹ́ lọ gbé e?"

"Kò sẹ́ni tó kú, màmá. Mo kàn fẹ́ lọ wo ẹja ni."

"Ẹja wà lọ́jà. Olókun ò ránṣẹ́ pè ọ́, ìwọ lo fẹ́ lọ kanlẹ̀kùn."

Kò sí èsì sí ìyẹn, ọmọ náà sì lọ́gbọ́n, kò wá èsì kankan. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gba àdúrà, ó lọ.

Bí ó bá jẹ́ Dìsẹ́ńbà nìkan ni ìsinmi yín bọ́ sí, ẹ gbìyànjú láti lọ ní ọ̀sẹ̀ kìíní rẹ̀, kí ẹ sì wálé wá bá àwọn ará jẹ Kérésì. Ẹ má da òde àti ìmòòkùn pọ̀. Ẹni tó jó mọ́jú, tó mu ẹmu tàbí bíà, omi ara rẹ̀ ti gbẹ, gbígbẹ omi ara sì lè mú kí àìsàn abẹ́ omi, ìyẹn èyí tí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ ń fà, tètè múni. Ẹ fi ọtí sílẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ní Dakar, oúnjẹ wà tó máa tù yín nínú: thiéboudienne, ìrẹsì alẹ́ja tó jẹ́ baba ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù wa, àti bissap, ìyẹn sobo.

Lábẹ́ omi

Afẹ́fẹ́ tí à ń mí lójoojúmọ́ ló wà nínú àgbá náà, wọ́n kàn fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ pọ̀ ni. Kì í ṣe ọ́síjìn ọsibítù. Tí ẹ bá dé mítà 10, ìwúwo tó wà lára yín ti di ìlọ́po méjì ti orí ilẹ̀. Tí ẹ bá dé 20, ó ti di mẹ́ta. Etí ló ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Láti mítà kan tàbí méjì ni ẹ ti gbọ́dọ̀ fi ìka méjì fún imú pa, kí ẹ sì fẹ́ atẹ́gùn sí i jẹ́jẹ́ títí etí á fi ṣí, kí ẹ tún un ṣe bí ẹ ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Tí imú bá dí nítorí ọ̀fìnkìn, etí kò ní ṣí, ẹni tó bá sì fi agídí lọ sísàlẹ̀ lè fa awọ etí rẹ̀ ya. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka ọyẹ́ mọ́ ọ̀tá.

Ẹ má séèémí. Nínú gbogbo òfin tí wọ́n máa kọ́ yín, èyí ni wọ́n máa tún sọ jù, nítorí afẹ́fẹ́ tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró máa ń wú bí ẹ ṣe ń bọ̀ lókè, tí kò bá sì rí ọ̀nà jáde, ó lè ya ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ máa mí wọlé, ẹ máa mí jáde, kó lọ́ra. Tí ẹ bá ń padà bọ̀ lókè, ẹ má yára ju mítà 9 lọ ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì dúró ní mítà 5 fún ìṣẹ́jú 3. Ìdúró yẹn máa ń sú àwọn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èmi gbà pé òun ló dùn jù: kò síbi tí ẹ ń lọ, àwọn ẹja kéékèèké á wá wò yín, ariwo èémí ara yín nìkan lẹ máa gbọ́.

Káàdì Open Water gbà yín láyè dé mítà 18. Ẹni tó fẹ́ tọ́ ọ wò lásán, láìgba káàdì, kò ní kọjá 12, olùkọ́ kò sì ní fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan.

Ẹ bi ilé ẹ̀kọ́ náà ní ìbéèrè wọ̀nyí kí ẹ tó sanwó: èèyàn mélòó ni olùkọ́ kan máa mú lọ́jọ́ náà? Ǹjẹ́ ọ́síjìn wà nínú ọkọ̀ fún pàjáwìrì? Níbo ni ìyẹ̀wù onírin tó sún mọ́ wọn jù wà, irú èyí tí wọ́n fi gba Okene là? Ẹni tí ìbéèrè yìí bá bí nínú, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ ra ìnṣọ́ránsì tó dárúkọ ìmòòkùn ní pàtó, bíi ti àjọ DAN, nítorí ọ̀pọ̀ ìnṣọ́ránsì ìrìn-àjò lásán ló yọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀nà ilé

Ẹ fi ọjọ́ kan gbáko sílẹ̀ láàárín ìgbà tí ẹ bá jáde nínú omi kẹ́yìn àti ìgbà tí ẹ máa wọ bàálù. Ìlànà DAN ni wákàtí 12 ó kéré tán lẹ́yìn ìmòòkùn kan ṣoṣo, àti 18 tó bá jẹ́ pé ẹ mòòkùn lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ tàbí fún ọjọ́ mélòó kan. Mo ní wákàtí 24, nítorí ẹni tó bá sún àkókò mọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ ló ń bá ara rẹ̀ jà. Afẹ́fẹ́ tó ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ lè hó bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí bàálù bá gòkè, ìrora oríkèé àti yíyarọ ló sì lè bí. Ẹ lo ọjọ́ náà láti lọ rí erékùṣù Gorée, ẹ rajà, ẹ sùn.

Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé gígòkè padà sí Èkìtì pẹ̀lú mọ́tò kò ní ṣe irú ìjàǹbá kan náà, nítorí ilẹ̀ wa ga ju 250 mítà lọ sí ìpele òkun. Ìlànà DAN yẹn bẹ̀rẹ̀ láti 600 mítà lọ sókè, Ìkẹ́rẹ́ ò sì dé ibẹ̀. Bàálù Èkó sí Àkúrẹ́ ló yẹ kí ẹ kà mọ́ ọn, ó sì máa bọ́ sí ẹ̀yìn wákàtí 24 náà tí ẹ bá ti ṣe bí mo ṣe wí.

Kí ẹ tó kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ buwọ́ lu ìwé àkọsílẹ̀ yín, kó sì lù ú ní òǹtẹ̀: ọjọ́, ibi, bí ó ti jìn tó, iye ìṣẹ́jú. Káàdì yín kò ní ọjọ́ tó ń kú, wọ́n sì máa gbà á níbikíbi lágbàáyé, àmọ́ ẹni tó bá ti pẹ́ kó tó padà sómi máa kọ́kọ́ ṣe àtúnyẹ̀wò nínú adágún ìwẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ padà lọ ní Nòfẹ́ńbà tó ń bọ̀, kó ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní Júláì tàbí Ògọ́sítì, kí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá tiwọn.